Ẹ̀kọ́ Òkè-Òkun àti Ọ̀rọ̀ Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́

 

Ẹjọ́ méjì ni mo máa ń gbọ́ nípa àwọn ọmọ tí a rán lọ kàwé ní òkè-òkun. Àwọn kan ní, bí wọ́n bá ti padà dé, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àti ìdáṣẹ́sílẹ̀ ni ó ń kún ẹnu wọn, wọn kì í jẹ́ kí ọ̀gá sinmi. Àwọn mìíràn ní rárá o, òyìnbó dúdú ni wọ́n ń dà: ọmọ tí a fi owó kòkó rán lọ yóò dé tán, kò ní lè bá alágbẹ̀dẹ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Òótọ́ wà nínú ẹjọ́ méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ní alẹ́ òní ni ohun tí ó mú kí ìrìnàjò kan ṣoṣo máa bí irú ènìyàn méjì báyìí.

Kí n tó dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́, ó yẹ kí n kọ́kọ́ ro ti ara mi. Mo gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún kan gbáko gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Obìnrin kan wà tí ó ń gbálẹ̀ ilé tí a fi wá wọ̀ sí. Kùtùkùtù ni yóò ti dé pẹ̀lú garawa rẹ̀. Ní ọjọ́ kan mo bá a pàdé lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìpàdé, ó fi ìwé ìṣirò owó há abíyá. Àṣé òun ni akápò ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ó sì ń lọ bá àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀ owó iṣẹ́. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó sì dúró kí ó kọ́kọ́ wọlé. Ẹnu yà mí. Mo kọ ìtàn náà ránṣẹ́ sílé, mo yin àwọn òyìnbó fún un.

Mo wá padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Kò pẹ́ tí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi fi dá iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù tí a jẹ wá. Èmi kò bá wọn dúró. Mo ní kò yẹ kí àlùfáà máa pariwo lẹ́nu géètì. Bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń rò nínú ọkàn mi pé oyè ìwé tí mo gbà ti gbé mi kọjá irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a san owó náà níkẹyìn, mo gba tèmi, mo sì ná an. Ohun tí mo yìn ní òkè-òkun, ojú ń tì mí láti ṣe é nílé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo ìtàn àwọn tí ó lọ ṣáájú wa, ti Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni ó sì kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Ní 1919 ó lọ sí Wincham Hall ní Cheshire, ó sì padà ní 1922. Ojú tí àwọn kan fi ń wo ènìyàn dúdú níbẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí ó pa orúkọ òyìnbó rẹ̀, Frances, tì, tí ó fi di Fúnmiláyọ̀ fún gbogbo ayé. Ẹnìkan lè rò pé bí ó ti dé ni ó wọ àárín àwọn ìyálọ́jà lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbà á ní ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Ẹgbẹ́ tí ó kọ́kọ́ kó jọ ní Abẹ́òkúta, ti àwọn obìnrin tí ó mọ̀wé ni. Iṣẹ́ ọwọ́, ìwà ọmọlúwàbí àti ìtọ́jú àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ni wọ́n ń bójú tó. Ní 1944 ni obìnrin ọlọ́jà kan bẹ̀bẹ̀ pé kí a kọ́ òun ní ìwé kíkà. Wọ́n gbà á, àwọn ọlọ́jà mìíràn sì tẹ̀lé e. Bí wọ́n ti jọ jókòó ti a-b-d, ọ̀rọ̀ ń jáde: ìrẹsì tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbẹ́sẹ̀ lé, owó orí tí a ń gbà lọ́wọ́ obìnrin lọ́tọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀. Ẹni tí ó wá kọ́ni ni a wá ń kọ́.

Ní 1946 ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, ọ̀mọ̀wé àti ọlọ́jà pọ̀ nínú rẹ̀. Ìyáàfin náà kó kaba òyìnbó dànù, ìró àti bùbá ni ó ń wọ̀ jáde. Níwájú àwọn aláṣẹ òyìnbó pàápàá, Yorùbá ni ó ń sọ. Kí wọ́n wá ògbufọ̀ fún ara wọn. Ẹ̀yin náà mọ ìyókù. Ní 1947 ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin sun ìta ààfin, nígbà tí ó sì di oṣù kìn-ín-ní 1949 Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò lórí oyè. Ìparí 1950 ni ó tó padà. Èmi kò mú ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú àwọn Olóyè wa láti fi tàbùkù adé. Ìjọba òyìnbó ni ó ń fi ọwọ́ ọba gba owó orí, ọba ni ó sì gba èébú rẹ̀.

Kí ni Cheshire wá fún un? Mo rò pé ẹ̀rù òyìnbó ni ó gbà kúrò lára rẹ̀, nítorí ó ti rí wọn nílé wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́jà ni ó fún un ní ẹgbẹ́.

Ọmọ Abẹ́òkúta mìíràn, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 láti kọ́ òfin. Ní ti àwọn yẹn, àìríbi-wọ̀ ni ó kọ́ wọn. Àwọn onílé a máa ti ilẹ̀kùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ dúdú, ìbáà jẹ́ ọmọ olóyè tàbí ọmọ oníṣòwò ńlá. Ní 1925 òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dá WASU sílẹ̀. Láti 1929 sí 1932 ó ń ti ìlú dé ìlú ní ìhà tiwa níbí láti tọrọ owó, ilé wọn sì ṣí ní Camden ní 1933. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà ní 1945, tí ọjà wọ́n nígbà ogun tí owó iṣẹ́ kò sì tó nǹkan, WASU gbè wọ́n lẹ́yìn láti Lọ́ńdọ̀nù.

Bẹ́ẹ̀ sì ni Michael Imoudu, tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń tẹ̀lé nígbà náà, kì í ṣe ẹni tí ó lọ kàwé lọ́dọ̀ òyìnbó. Ẹnu iṣẹ́ ni ó ti mọ ohun tí ó ń dun òṣìṣẹ́. Àlùfáà Ransome-Kuti, ọkọ ìyáàfin wa, Fourah Bay ní Sàró ni ó ti gba oyè ìwé, òun sì ni ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà láti 1931 títí di 1954. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ onímọ́tò kí ó tó wọkọ̀ lọ kọ́ òfin ní 1944. Àwọn tí ó ní ọkọ̀ òkun ni ó gbé ẹgbẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa ti gbàgbé àáró, ọ̀wẹ̀, èésú àti àwọn Pàràkòyí. Òótọ́ ni pé àáró kò rí bákan náà pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́: ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ni àáró, kò sí ọ̀gá tí ó ń sanwó níbẹ̀. Ìyẹn ni apá tí a ní láti kọ́, a sì lè kọ́ ọ níbikíbi.

Ohun tí ó ń dùn mí nípa àwọn ọmọ wa òde òní ni èyí. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ, tí wọ́n ń ru ẹrù lóru ní ilé ìtajà nílùú òyìnbó kí wọ́n lè san owó ẹ̀kọ́. Wọ́n mọ bí ẹsẹ̀ ti ń dun òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé, wọn a bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwòrán ọjọ́ ìgboyè nìkan ni wọn a gbé kọ́ ògiri. Èmi ìbá fẹ́ kí wọ́n sọ ìtàn abọ́ náà fún awakọ̀ wọn.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé ìdáṣẹ́sílẹ̀ tí mo wí, mo tọ akápò ẹgbẹ́ wa lọ. Ọmọdé ni lójú mi, mo ti kọ́ ọ níwèé rí. Ó ní, “Baba Àlùfáà, ṣé ẹ fẹ́ wá gbàdúrà fún wa ni, sà?” Mo ní rárá, owó ẹgbẹ́ tí mo jẹ sílẹ̀ ni mo mú wá. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ka oṣù mẹ́rìndínlógún, ó gba owó náà pé, kò dín kọ́bọ̀ kan fún mi. Ó kọ rìsíìtì, ó kọ orúkọ mi sí i láìfi oyè kankan ṣáájú rẹ̀, ó sì sọ ọjọ́ ìpàdé fún mi.