Ó gun òkè Stelvio, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn ló pa á

 Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọ tó wà lẹ́yìn yín ni.

Gbogbo wa ní agbègbè Collines yìí la mọ ohun tí òkè ń jẹ́. Ẹni tó bá ti ti kẹ̀kẹ́ tó ru àpò iṣu gun òkè rí, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ kọ́ ọ. Tó bá dé àárín, ẹsẹ̀ á wúwo, àyà á máa lù kìkì, á máa wá èémí.

Ní ilẹ̀ Ítálì, òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Stelvio. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìdíje máa ń gùn ún. Láti abúlé Prato tó wà nísàlẹ̀ títí dé òkè, ọ̀nà náà tó bíi kìlómítà 24, kọ́nà 48 ló sì wà níbẹ̀. Orí òkè ọ̀nà náà fi mítà 2,757 ga ju òkun lọ. Òkè Sokbaro tiwa ní Benin níbí, mítà 658 ni wọ́n sọ pé ó ga. Ẹ kó irú rẹ̀ mẹ́rin lé ara wọn, wọn ò tíì tó Stelvio.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Fausto Coppi, ọmọ Ítálì. Ní 1953, nígbà ìdíje ńlá tí wọ́n fi ń yí Ítálì ká, Hugo Koblet, ọmọ Switzerland, ló wà níwájú. Ó fẹ́ẹ̀ẹ́ fi ìṣẹ́jú méjì gba iwájú Coppi, ìdíje sì ti ń parí lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí wọ́n máa mú ìdíje náà gba orí Stelvio. Yìnyín ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Coppi gbéra lórí òkè yẹn, ó fi Koblet sílẹ̀, ó sì gba ìdíje náà. Ìgbà karùn-ún rẹ̀ nìyẹn. Ó ti gba ti ilẹ̀ Faransé náà nígbà méjì, ní 1949 àti 1952.

Kí ló ń gbé èèyàn gun irú òkè bẹ́ẹ̀? Ẹsẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ pupa ló ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí sínú lọ fún ẹsẹ̀, fún ọkàn, fún ọpọlọ. Bí a bá ṣe ń gòkè sí i ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́ sí i, iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó, ẹsẹ̀ kò lè lọ. Ẹ̀jẹ̀ yìí ni owó tí ẹni tó ń gun òkè ń ná. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ní oṣù kejìlá 1959, wọ́n pe Coppi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí Upper Volta, ìyẹn Burkina Faso tó bá wa pààlà lókè lọ́hùn-ún. Wọ́n sáré kẹ̀kẹ́ ní Ouagadougou, wọ́n sì lọ ṣe ọdẹ. Yàrá kan náà ni Coppi àti ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Raphaël Geminiani jọ sùn. Ẹ̀fọn jẹ wọ́n. Kálukú padà sílé rẹ̀.

Ibà tí a ń pè ní palù kì í fara hàn lọ́jọ́ tí ẹ̀fọn jẹ èèyàn. Kòkòrò rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kó tó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó máa fi di òpin ọdún, ibà ti dá àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀, ọ̀kan ní Faransé, ìkejì ní Ítálì.

Ní Faransé, wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ Geminiani, wọ́n rí kòkòrò palù, wọ́n fún un ní kiníìnì. Ó ti dákú kó tó jí, ṣùgbọ́n ó yè. Ọdún 2024 ló tó kú, ẹni ọdún 99. Ní Ítálì, wọ́n tọ́jú Coppi bí ẹni tí àìsàn inú ẹ̀dọ̀fóró ń ṣe. Ìtàn sọ pé wọ́n ránṣẹ́ láti Faransé pé palù ni, wọn ò gbà. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní 1960, Coppi kú ní Tortona. Ẹni ogójì ọdún ni.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀fọn tó jẹ wọ́n kò yàtọ̀, yàrá wọn kò yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n wò fún ẹnì kan, tí wọn kò wò fún ẹnì kejì, òun ló yà wọ́n. Ẹ sì wò ó o, láti 1880 ni dókítà Faransé kan, Alphonse Laveran, ti rí kòkòrò yìí nínú ẹ̀jẹ̀ ní Àlùjẹ́ríà. Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n wà. Oògùn wà. Wọ́n ti sọ àìsàn lórúkọ kí wọ́n tó wo ẹ̀jẹ̀ ni.

Àwa náà ńkọ́? Ara ọmọ gbóná, a ní "eyín ló ń hù." Ó gbóná sí i, a ní "oòrùn ló pa á lọ́jà." Ọjọ́ kẹta, a ní "ẹ lọ ra oògùn lórí àtẹ." Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn lórí àtẹ, ẹ má bínú sí mi, owó ọmọ lẹ̀ ń wá. Ṣùgbọ́n parasetamọ́ọ̀lù á mú kí ara tutù, kò ní pa kòkòrò. Ìyá á rí i pé ara ọmọ tutù, á lọ sọ́jà. Kòkòrò á wà nínú ilé, á máa jẹ ẹ̀jẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Inú ẹ̀jẹ̀ pupa ni kòkòrò palù ń gbé, tó bá pọ̀ tán, á bẹ́ ẹ. Ìgbà tó bá ń bẹ́ ni òtútù ń mú èèyàn, tí ara ń gbóná. Ìdí nìyẹn tí ojú ọmọ fi ń funfun lẹ́yìn palù, tí ó sì ń mí kíákíá bí ẹni tó ń gun òkè, nígbà tó jẹ́ pé orí ẹní ló dùbúlẹ̀ sí.

Ẹ lè bi mí pé: "Nọ́ọ̀sì, akọni bíi Coppi, báwo ni ẹ̀fọn ṣe pa á?" Agbára kò mọ palù. Àwa tí a dàgbà níbí, ara wa ti bá a jà títí, ó ti mọ̀ ọ́n díẹ̀. Ara Coppi kò bá a jà títí bíi tiwa. Láàárín wa, ta ni ara rẹ̀ dà bíi tirẹ̀? Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni. Aláboyún náà, pàápàá oyún àkọ́kọ́, torí agbára ìjà ara rẹ̀ ń dín kù. Àti ọmọ yín tó ti pẹ́ ní Faransé tó wá kí yín lásìkò ọdún: ara rẹ̀ ti gbàgbé.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ mi dáadáa:

Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà tàbí kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ẹ ní kí wọ́n ṣe TDR fún un. Wọ́n á gún un níka, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán kan ni, kò ju bí ìṣẹ́jú ogún lọ.

Bí wọ́n bá rí palù, ẹ lo oògùn ọjọ́ mẹ́ta náà tán, bí ara bá tilẹ̀ ti tutù lọ́jọ́ kejì. Ẹ má fi ìyókù pamọ́ de àbúrò rẹ̀.

Bí gìrì bá mú ọmọ, tí kò lè mu ọmú, tó ń bì gbogbo ohun tó jẹ, tó ń sùn tí kò ṣeé jí, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ pe zémì, ẹ máa lọ, ìbáà jẹ́ òru.

Aláboyún, ẹ má fo ọjọ́ ìwọ̀n. Láti oṣù kẹrin, wọ́n á máa fún yín ní oògùn tó ń dènà palù. Ó yẹ kí ẹ lò ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta, ó kéré tán, kí ọmọ má bàa kéré jù.

Kí ìyá àti ọmọ sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn ní gbogbo òru, ìgbà òjò, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má fi í ṣọgbà ewébẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2024 sì ni Benin bẹ̀rẹ̀ sí í gún abẹ́rẹ́ àjẹsára palù fún àwọn ọmọ ọwọ́. Ẹ bi nọ́ọ̀sì tó ń wọn ọmọ yín bóyá ó ti dé ọ̀dọ̀ yín.

Coppi gun mítà 2,757, ó sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Ohun tó pa á kò tó èékánná. Ẹ má sọ ibà ọmọ yín lórúkọ kí wọ́n tó wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.