Tesilimi Balógun: Àrá Tó Sán ní Ìlú Òyìnbó

Àwọn Yorùbá kì í fi orúkọ ṣeré. Tesilimi Àyìndé ni wọ́n ń pe ọmọ tí a bí sí ìdílé Balógun ní Èkó. Ṣùgbọ́n orúkọ tí eré bọ́ọ̀lù sọ ọ́ ni ó borí èyí tí ilé sọ ọ́. Thunder, ìyẹn Àrá, ni wọ́n ń pè é, nítorí bí bọ́ọ̀lù ti máa ń ró lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Oyè ogun ni Balógun, ohun ìjà Ṣàngó sì ni àrá. Nígbà tí méjèèjì bá pàdé lórí ẹnìkan ṣoṣo, ta ni yóò tún bèèrè iye ìgbà tí onítọ̀hún gbá bọ́ọ̀lù? Síbẹ̀, ó yẹ kí a bèèrè.

Ọdún 1949 ni Balógun kọ́kọ́ fojú kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà 18 tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ibẹ̀ díje. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi gbá bọ́ọ̀lù. Aṣọ ni wọ́n kàn fi di ọrùn ẹsẹ̀. Ní Crosby, nítòsí Liverpool, wọ́n fi góòlù 5 sí 2 na ẹgbẹ́ Marine, ẹnu sì ya àwọn òyìnbó tí ó wá wo ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà. Nínú eré mẹ́sàn-án, wọ́n borí nínú méjì, wọ́n ta ọ̀mì nínú méjì, wọ́n sì pàdánù márùn-ún.

Ní 1955, Balógun padà lọ, lọ́tẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò fi bọ́ọ̀lù jẹun. Peterborough United ni ó kọ́kọ́ gbà á, ẹgbẹ́ tí kò tíì sí nínú Líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Lẹ́yìn èyí ni Skegness Town, kí Queens Park Rangers ti London tó mú un ní 1956. Níbẹ̀ ni ó ti di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò gbá bọ́ọ̀lù nínú Líìgì náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó, tí wọ́n ń bá Watford gbá a, ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ìbẹ̀rẹ̀ náà dára, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi tán: eré 13 péré, góòlù mẹ́ta. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ó kó ọrọ̀ bọ̀. Òfin bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà kò jẹ́ kí agbábọ́ọ̀lù kankan, ìbáà ṣe òyìnbó, gba owó ọ̀sẹ̀ tí ó ju pọ́n-ùn 15 lọ. Ọdún 1961 ni wọ́n tó fa òfin òdiwọ̀n owó yìí ya.

Kò sí ará ilé tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí eré 13 náà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Láti Èkó títí dé Ọ̀tan Ayégbajú, ohun tí etí gbọ́ ni ẹnu ń tún sọ, ohun tí ẹnu bá sì tún sọ a máa wú sí i. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù rẹ̀ a máa fa àwọ̀n ya. Wọ́n ní ó gbá asọ́lé kan tí kò dìde mọ́. Bí a ti í pìtàn jagunjagun ni wọ́n ṣe pìtàn rẹ̀. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ó bu Balógun kù. Ẹni tí a yìn fún agbára nìkan, a ti fi ọgbọ́n rẹ̀ pamọ́.

Ọgbọ́n yẹn ni ó sì lò pẹ́ jù. Nígbà tí ó dé, ó di olùkọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ní 1968, ó jẹ́ igbákejì olùkọ́ fún ikọ̀ Nàìjíríà ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní Mẹ́síkò, níbi tí àwọn ọmọ náà ti bá Bràsíìlì ta ọ̀mì, góòlù 3 sí 3. Ó ṣòro láti rí ọmọdé tí ó mọ èyí, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ ti àwọ̀n tí ó ya.

Ojú oorun ni ó kú sí ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Keje, 1972, láìtíì pé àádọ́ta ọdún. Ìjọba Èkó fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré kan ní Sùúrùlérè. Ọdún 1984 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 2007 ni wọ́n tó ṣí i.