Ọ̀nà Kan Ò Wọjà

Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ wà.

Lẹ́tà kan tí mo kà lórí rédíò níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá ló dá ọ̀rọ̀ òní sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, fóònù wa ò sinmi. Bàbá kan ló kọ ọ́ wá láti Inisa. Ó ní ọmọbìnrin òun, ọmọ ọdún 17, ti parí WAEC, àwọn sì ń retí kó jókòó ti ìwé JAMB. Kò jókòó. Gbogbo Sátidé ló ń purọ́ fún ìyá rẹ̀ pé kíláàsì JAMB lòun ń lọ, yóò gun ọ̀kadà gba Ikirun kọjá, ó di Ada, níbi tó ti ń gbé báàgì fún àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù. Ọ̀gá kan bá ta á lọ́rẹ irin gọ́ọ̀fù àlòkù méjì. Ọmọ délé, ó ní òun ò ṣe JAMB mọ́, gọ́ọ̀fù lòun fẹ́ máa gbá jẹun. Bàbá gba irin, ó tì í mọ́nú àpótí, ó wá kọ̀wé sí mi pé kí n bá òun bá ọmọ wí.

Bàbá, mo gbọ́. Màá bá a wí. Àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ni màá bá wí lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ẹ̀yin tí ẹ pè. Ọ̀gbẹ́ni kan láti Ikirun ní eré àwọn ọ̀gá tó ti fẹ̀yìntì ni gọ́ọ̀fù, pé ta ló fẹ́ máa sanwó fún obìnrin kó máa fi irin lé bọ́ọ̀lù kiri inú koríko? Ọ̀nà kan ò wọjà, bùrọ̀dá mi. Wọ́n ń sanwó! Ní 2022, níbi ìdíje US Women's Open, mílíọ̀nù 10 dọ́là ni wọ́n gbé kalẹ̀. Minjee Lee, ọmọ Australia, ló borí, mílíọ̀nù 1.8 dọ́là ló sì gbé lọ sílé lẹ́yìn eré ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ má sì sọ pé ọ̀rọ̀ ìlú òkèèrè nìyẹn. Georgia Oboh, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tó fi wọ iṣẹ́ yìí. Òun ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó gba káàdì láti máa díje pẹ̀lú àwọn obìnrin tó fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ ní Yúróòpù. Àmọ́ kékeré ni wọ́n ti mú un dé pápá, àwọn ará ilé rẹ̀ sì dúró tì í. Bàbá tó wà ní Inisa, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ibi tí mo sọ̀rọ̀ dé yẹn dáadáa.

Ìyá wa kan láti Okuku ní ká yáa wá ọkọ fún un kí ojú ẹ̀ lè wálẹ̀. Háà, ìyá! Ní Okuku kẹ̀! Ṣé ẹ ti gbàgbé Ṣàngówẹ̀mí ni? Obìnrin tó ń ki oríkì, tí onímọ̀ kan, Karin Barber, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé tó jáde ní 1991. Ẹnu rẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Bí wọ́n bá ń ṣe nǹkan nílé olóyè, á dé ibẹ̀, á ki onílé kan baba ńlá rẹ̀, owó á jáde lápò. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ìlú tó mọ̀ pé obìnrin lè fi ohùn jẹun, ṣé ó yẹ kó bẹ̀rù èyí tó fẹ́ fi ọwọ́ jẹun?

Ó tó. Ó kan ọmọ.

Ìwọ ọmọ, mo mọ̀ pé o ń gbọ́ mi, nítorí bàbá rẹ ní ilé yín ò pa rédíò rí. Pápá tó wà ní Ada yẹn, tí Ọmọọba Tunde Ponnle, ọmọ Ada tó dá iléeṣẹ́ wáyà MicCom sílẹ̀, ṣe síbẹ̀, èmi náà ti dúró létí rẹ̀ rí. Obìnrin kan lóṣòó sẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ó ń wo ibi tí koríko tẹ̀ sí. Ó dìde, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó kì í bọ àpò ẹ̀yìn. Ó fi irin gbá afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò kan bọ́ọ̀lù. Ó wá rọra tì í. Bọ́ọ̀lù lọ, ó yí etí ihò ká, ó kọ̀ kò wọlé. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó tì í wọlé, ó sọ iye tó gbá, ó kọjá síbi ihò tó kàn. Ẹni tí inú ń tètè bí ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, àwa tí a jẹ́ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ ní agbègbè yìí, kí n má parọ́.

Irọ́ tí ò ń pa gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Nínú gọ́ọ̀fù, adájọ́ kì í tẹ̀lé ọ lẹ́yìn kiri ihò 18. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sínú igbó tí o sì ṣèèṣì tì í, ìwọ fúnra rẹ ló máa jẹ́wọ́ pé o tì í, wàá sì fi kún iye tó o gbá. Bí o bá fọwọ́ sí ìwé pé o gbá 4 níbi tí o ti gbá 5, wọ́n á lé ọ kúrò nínú ìdíje, ì báà jẹ́ pé ìwọ lo ṣíwájú. Ìwọ wá ń purọ́ kíláàsì JAMB fún ìyá rẹ láti Sátidé dé Sátidé! Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lé. Lálẹ́ òní, lọ bá ìyá rẹ, kúnlẹ̀, sọ òótọ́ fún un, kí bàbá rẹ náà máa gbọ́.

Ọ̀nà kan ò wọjà, òótọ́ ni, àmọ́ oníbodè wà lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ kì í gba owó oṣù. Òun ló máa san owó ọkọ̀ òfuurufú, owó òtẹ́ẹ̀lì àti owó ẹni tó ń bá a gbé báàgì. Níbi tó pọ̀ jù, lẹ́yìn ọjọ́ méjì, wọ́n á fa ìlà sábẹ́ orúkọ àwọn tó gbá dáadáa jù. Ẹni tí ìlà bá fi sílẹ̀ á di ẹrù rẹ̀, kọ́bọ̀ ò ní kàn án. Althea Gibson, adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, gba ife Wimbledon nínú tẹníìsì ní 1957 àti 1958. Ní 1964 ó di obìnrin dúdú àkọ́kọ́ nínú LPGA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́. Àwọn ilé gọ́ọ̀fù kan ò jẹ́ kó wọlé, inú mọ́tò ló ti ń pààrọ̀ bàtà. Pẹ̀lú gbogbo akíkanjú rẹ̀, kò gba ife kankan níbẹ̀. Ìwọ tó ní irin méjì, ẹlòmíì ní 14 nínú báàgì!

Nítorí náà, wàá ṣe JAMB. Má bínú sí mi. UNIOSUN ní ẹ̀ka ní Okuku níbí, o lè máa ti ilé lọ. Àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà kan sì ń fún àwọn ọmọbìnrin tó mọ gọ́ọ̀fù gbá ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ èsì ìwé ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè. Ṣeré bí ẹni tí kì í gbowó ná, kí wọ́n fún ọ ní háńdíkáàpù, nọ́mbà tó ń fi bí ọwọ́ rẹ ṣe dára tó hàn, kí o wá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin onígọ́ọ̀fù Nàìjíríà rí. Bí ọ̀gá kankan bá sì ní kí o wá gba irin lálẹ́, má lọ. Kò sí àríyànjiyàn nínú èyí.

Bàbá, ẹ ṣí àpótí yẹn. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ̀nà di ẹyọ kan fún ọmọ tó fi wá gba ẹ̀yìnkùlé. Ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ bá a lọ sí Ada, kí ẹ rí olórí àwọn tó ń gbé báàgì, kí ó mọ ẹni tó bí ọmọ yìí. Bí ó bá di oṣù mẹ́ta tí kò sí ohun tó ń dára sí i nínú ọwọ́ rẹ̀ tàbí nínú ìwé rẹ̀, ẹ tún kọ̀wé sí mi.

Ẹnì kan wà lórí fóònù. Hẹ́lò? Ẹ dín rédíò yín kù, ẹ jọ̀ọ́. Láti ibo lẹ ti ń pè?