Kí la fẹ́ fi owó wa ṣe? Ìmọ̀ràn lórí ìfowópamọ́ àti ìdókòwò

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Albarika, Parakou

  Àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ló ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí owó: ibi tó yẹ ká fi í sí, àti ibi tí kò yẹ. Èmi kì í ṣe oníbáńkì. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, àmọ́ ìwé ìnáwó ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ̀ wò. Mi ò ní nǹkan kan tí mò ń tà lónìí, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá. Àwọn kan ń rìn kiri àdúgbò, àwọn míì ń gba orí WhatsApp wọlé. Wọ́n á ní kí o fi owó ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù, tó bá fi máa di oṣù mẹ́ta, ó ti di ìlọ́po méjì. Wọ́n tún máa ń wá olóyè lọ, pé kó yọ̀ǹda àgbàlá rẹ̀ fún wọn láti fi ṣe ìpàdé. Ní báyìí, àwọn kan nínú wa ti ń sọ pé ká kó owó àpótí ẹgbẹ́ lọ síbẹ̀. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Gbangba ni mo ti fẹ́ dá wọn lóhùn.

Ṣé a ti gbàgbé ICC Services ni? Ọdún 2010 kò tíì pẹ́. Ilé iṣẹ́ yẹn ń gba owó lọ́wọ́ aráàlú, ó sì ń ṣèlérí èlé tó ju ìdá 100 nínú 100 lọ lọ́dún. Kò ní ìwé àṣẹ báńkì. Síbẹ̀, tálákà àti olówó ló sáré lọ: oníṣòwò, olùkọ́, sójà, àgbẹ̀ tó ta òwú, opó tó ta ilẹ̀. Nígbà tó dojú dé, owó tó bá a lọ ju 100 bílíọ̀nù sẹ́fà lọ. Ní oṣù keje ọdún yẹn, Ààrẹ Yayi Boni yọ mínísítà ètò abẹ́lé, Armand Zinzindohoué, nípò lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ wọ ẹ̀wọ̀n. Oṣù kejì ọdún 2019 ni ilé-ẹjọ́ CRIET tó dá wọn lẹ́bi. Ẹ kà á wò: ọdún mẹ́sàn-án kí ìdájọ́ tó dé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni owó sì ti kú kí wọ́n tó gbọ́ ọ.

Kí ló mú kí àwọn èèyàn gbà wọ́n gbọ́? Kì í ṣe pé àwọn èèyàn wa gọ̀. Wọ́n rí àwọn onílé iṣẹ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ńlá ńlá, wọ́n ní, “Bí kò bá dára, ṣé ìjọba ò ní dá wọn dúró ni?” Ohun kejì ni pé àwọn tó kọ́kọ́ fi owó sílẹ̀ gba èlé lóòótọ́. Àmọ́ níbo ni èlé yẹn ti wá? Owó ẹni tó dé lónìí ni wọ́n fi ń san ti ẹni tó dé lánàá. Ọjọ́ tí ẹni tuntun bá dín kù, ọjọ́ yẹn ni gbogbo rẹ̀ parí. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà ní oṣù kejìlá ọdún 2016, nígbà tí MMM ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn èèyàn nígbà tí ọdún Kérésì ń bọ̀.

Ẹ mú bírò, ẹ jẹ́ ká ṣírò ìlérí wọn. Ká ní 100 000 fráǹkì ń di ìlọ́po méjì ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Tí ọdún kan bá pé, ó ti di 1 600 000. Tí ọdún méjì bá pé, ó di 25 600 000. Tí ọdún mẹ́ta bá pé, ó ti ju 409 mílíọ̀nù lọ. Ẹni tó bá mọ irú iṣẹ́ yìí, kí ló ń wá kiri ní Albarika? Kì bá ti yá 100 000 lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, kó jókòó sílé fún ọdún mẹ́ta. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ní òun á dá wa láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò.

Ó dáa. A ti mọ ibi tí a kò ní lọ. Níbo la wá máa lọ?

Ìpele àkọ́kọ́ ni gbèsè. Ẹni tó jẹ gbèsè tó ń gba èlé ìdá 20 nínú 100 lórí rẹ̀, tó wá ń wá ibi tí wọ́n á ti fún un ní ìdá 6, ó ń pọn omi sínú agbè tó ti lu. Ẹ san gbèsè ná. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní owó tó lè bọ́ ilé fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, nítorí àìsàn, owó ilé ìwé àti òkú tí a kò retí. Ibi tí ọwọ́ yín ti lè tètè tó o ni kí owó yìí wà. Èsúsú wa dára, àjọ wa dára. Wọ́n ń kọ́ni ní sùúrù, wọ́n sì so wá pọ̀. Àmọ́ àjọ kì í bímọ: ohun tí o dá náà ni wàá kó.

Báńkì ńkọ́? Àwa tí a ti dàgbà rántí ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí báńkì ìjọba mẹ́ta dojú dé nílẹ̀ yìí, tí owó oṣù òṣìṣẹ́ sì wọ́n bí ojú. Ìdí nìyẹn tí àwọn míì fi ń tọ́jú owó sábẹ́ ẹní títí dòní. Ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà díẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó ń ná sẹ́fà wa ti dá owó ìdúró kan sílẹ̀ fún àwọn tó fi owó sí báńkì. Bí báńkì tó ní ìwé àṣẹ bá wó, a máa san owó oníbàárà padà títí dé 1 400 000 fráǹkì. Tó bá jẹ́ àjọ ìfowópamọ́ kéékèèké tó ní ìwé àṣẹ, 300 000 ni. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó pín in sí báńkì méjì. Àtiwá iye yìí kò le.

Ìpele kejì ni owó tí a kò ní fọwọ́ kàn fún ọdún márùn-ún, mẹ́wàá, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibí ni ọjà BRVM ti wúlò. Láti ọdún 1998 ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Abidjan ni olú ilé rẹ̀ wà, àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ la jọ ni ín, ó sì ní ọ́fíìsì ní Cotonou. Oríṣi ọjà méjì ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Èkíní ni ìwé gbèsè, tí Faransé ń pè ní obligation: o yá ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ lówó, ó ń san èlé fún ọ lọ́dọọdún, ó sì máa dá ojú owó padà ní ọjọ́ tí a dá. Èkejì ni ìpín, tí Faransé ń pè ní action: o di ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé iṣẹ́. Bó bá jèrè, o lè jẹ níbẹ̀. Bó bá pàdánù, iye ìpín rẹ máa wálẹ̀. Bank of Africa Bénin wà níbẹ̀ tipẹ́, Sonatel ti Senegal náà wà níbẹ̀, Loterie Nationale wa sì wọlé ní ọdún 2024. Ẹ wò ó: tẹ́tẹ́ tí àwọn ọmọ wa ń ta lójoojúmọ́, èèyàn lè jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ni ilé iṣẹ́ rẹ̀!

Ìwọ nìkan kò lè rìn wọ ọjà náà. Alágbàtà tó ní ìwé àṣẹ, tí à ń pè ní SGI, ló ń bá ọ rà á. SGI Bénin àti Africabourse jẹ́ méjì nínú wọn, Cotonou ni wọ́n wà.

Ìyálọ́jà lè sọ pé, “Alàgbà, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń yan ilé iṣẹ́.” Òótọ́ ni. Nítorí irú wa ni wọ́n ṣe dá àpò àjùmọ̀ní sílẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ní Faransé ń jẹ́ fonds commun de placement, FCP. Ó jọ àjọ, àmọ́ àjọ tó ń ṣiṣẹ́ ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn dá owó jọ, ilé iṣẹ́ kan ń fi ra ìwé gbèsè àti ìpín lóríṣiríṣi, èrè tàbí òfò sì ń kan kálukú ní ìwọ̀n ohun tó dá. Ẹni tó ń yan ọjà kọ́ ló ń tọ́jú ẹrù: báńkì mìíràn ló ń pa á mọ́, ayẹ̀wéwò sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ń kéde iye tí ìpín kan jẹ́ láti ìgbà dé ìgbà, o sì lè ta tìrẹ padà tí o bá nílò owó. Ẹ kò nílò mílíọ̀nù kí ẹ tó wọlé.

Kí ló dé tí a fi ń pín in sí oríṣiríṣi? Ẹ bi àgbẹ̀ Borgou. Kì í gbin òwú nìkan. Ó ní iṣu, ó ní àgbàdo, ó ní bàbà, ó ní igi kajú. Ọdún tí òjò bá ba ọ̀kan jẹ́, òmíràn á bọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹni tó kó gbogbo owó rẹ̀ sórí ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ẹjọ́ wà lórí rẹ̀, òwú nìkan ló gbìn.

Ẹ̀kọ́ kan wà tó ti Amẹ́ríkà wá. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Bogle dá ilé iṣẹ́ Vanguard sílẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1980. Ní ọdún 1976, ó gbé àpò kan jáde fún aráàlú tí kò gbìyànjú láti mọ ilé iṣẹ́ tó máa borí: díẹ̀ díẹ̀ nínú gbogbo ọjà ló ń rà, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì kéré. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Owó tó rí kó jọ níbẹ̀rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 dọ́là, nígbà tó ń retí 150. Lónìí, gbogbo ayé ló ń ṣe bíi tirẹ̀. Ohun tó rí ni pé èèyàn kò mọ èrè ọ̀la, àmọ́ ó mọ iye tí wọ́n máa yọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo bí owó iṣẹ́ ṣe ń jẹ èrè. 100 000 fráǹkì tó ń mú ìdá 6 nínú 100 wá lọ́dún máa di nǹkan bíi 320 000 ní 20 ọdún. Bí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ bá ń yọ ìdá 2 lọ́dọọdún, ìdá 4 ló kù, kò sì ní ju 219 000 lọ. Ìdá 2 péré, ẹni tó gbọ́ ọ á rò pé kò tó nǹkan. Ó gbé 100 000 lọ! Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ bi wọ́n: èló ni owó ìwọlé? Èló ni ẹ ń yọ lọ́dún? Èló ni mo máa san bí mo bá fẹ́ jáde? Tí kò bá dáhùn tààrà, ẹ dìde.

Àwọn Mùsùlùmí inú wa á béèrè nípa èlé. Ìpín ilé iṣẹ́ yàtọ̀ sí èlé, èrè àti òfò ló wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo irú iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ ọ̀hún ń ṣe. Báńkì tó ń gba èlé ńkọ́? Tẹ́tẹ́ ńkọ́? Ìwé sukuk tún wà ní agbègbè wa láti ọdún 2014, nígbà tí Senegal kọ́kọ́ gbé tiẹ̀ jáde. Ẹ bi àwọn aláfáà tó mọ ọ̀rọ̀ òwò.

Mi ò ní tàn yín pé kò séwu. Iye ìpín ń lọ sókè, ó ń wálẹ̀. Ní oṣù kìíní 1994, wọ́n gé agbára sẹ́fà: fráǹkì Faransé kan tó jẹ́ 50 sẹ́fà di 100. Ẹni tó pa owó mọ́ sábẹ́ ẹní pàápàá pàdánù lọ́jọ́ yẹn. Nítorí náà, owó ilé ìwé ọdún tó ń bọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú ìpín. Ẹni tó ti lé ní 60 bíi tèmi, kí ìwé gbèsè pọ̀ ju ìpín lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ní 25 ọdún ní àyè láti dúró de ọjà tó wálẹ̀ kó tún gòkè. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: 5 000 lóṣooṣù láìdáwọ́ dúró sàn ju mílíọ̀nù kan tí a ń retí lọ.

Ó ku ohun tí mo fẹ́ kí ìpàdé yìí pinnu. Ohun mẹ́ta ni.

Èkíní, ẹ̀yin olóyè wa, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má rí àgbàlá yín lò láti gba owó aráàlú, àfi tó bá mú ìwé àṣẹ wá, tí a sì ti rí orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ àwọn tó ń ṣọ́ iṣẹ́ náà: BCEAO àti ilé iṣẹ́ ètò ìnáwó fún báńkì àti àjọ ìfowópamọ́, AMF-UMOA ní Abidjan fún alágbàtà àti àpò àjùmọ̀ní. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ lásán kì í ṣe ìwé àṣẹ láti gba owó. Orúkọ yín ni àwọn èèyàn ń gbà gbọ́. Òun gan-an ni irú àwọn wọ̀nyí ń wá rà.

Èkejì, kí owó àpótí ẹgbẹ́ dúró sí báńkì lórúkọ ẹgbẹ́, kí èèyàn mẹ́ta máa fọwọ́ sí i. Tí a bá fẹ́ fi apá kan dókòwò, kí ó jẹ́ èyí tí a kò ní nílò fún ọdún márùn-ún, kí gbogbo ìpàdé dìbò lé e.

Ẹ̀kẹta, kí ọ̀dọ́ méjì tó mọ ìwé máa bá àwọn ìyá àti bàbá wa ka ìwé kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ọ̀fẹ́ ni o.

Alùbáríkà ni àdúgbò wa ń jẹ́. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́, tó ń fi díẹ̀ pa mọ́, tó sì ń bi ìbéèrè, òun ni alùbáríkà máa ń bá délé.  Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nàwọ́.