Ìfọkàntán Ni Owó Ìpìlẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ará ìjọ ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó, lórí ìgbésí-ayé Ọ̀túnba Michael Ọlásùbòmí Balógun



Bí a bá bi ènìyàn léèrè pé, "Kí ni a fi ń dá ilé ìdókòwò sílẹ̀?" kíá ni yóò dáhùn pé, "Owó ni." Àwa kò wí pé ó ṣìnà pátápátá. Ṣùgbọ́n ohun kan ń bẹ tí ó ṣáájú owó, èyí tí í ṣe ìfọkàntán. Ẹni tí àwọn ènìyàn kò lè fi owó wọn sí ìkáwọ́ rẹ̀ kí wọ́n sì sùn, kò lè dá irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí ó dúró, bí owó tirẹ̀ tilẹ̀ kún àpótí. Nítorí èyí ni a ṣe mú ọ̀rọ̀ Ọ̀túnba Balógun wá síwájú yín. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni, kì í ṣe ọmọ Àkúrẹ́ tàbí ti Oǹdó; ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú ayé rẹ̀ kàn wá gidigidi.

Ní oṣù kẹta ọdún 1934 ni a bí i. Ó kàwé ní Igbobi College ní Èkó, ó sì kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ìmọ̀ òfin ní London School of Economics. Ní ọdún 1959 ni a gbà á sí ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò. Nígbà tí ó padà, ó ṣe iṣẹ́ òfin fún Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn, ìjọba kan náà tí Àkúrẹ́ àti Oǹdó wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ní ọdún 1966 ó bọ́ sí Nigerian Industrial Development Bank. Níbẹ̀ ni ó ti mọ bí a ti ń kó owó jọ láti gbé iṣẹ́ ńlá ró. Ó wà lára àwọn tí ó gbé ilé ìdókòwò kan kalẹ̀ láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ó yan olórí, ẹlòmíràn ni a yàn. Òun kò jókòó ti ìbànújẹ́. Ní ọdún 1977 ó dá ilé tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní City Securities Limited.

Kí ni iṣẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó mọ èsúsú, ẹ sì mọ̀ pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ń fẹ́ owó láti gbòòrò, a lè pín in sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìpín, kí a sì tà wọ́n. Ẹni tí ó ra ìpín di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni ilé-iṣẹ́ náà: bí èrè bá wà, ó jẹ níbẹ̀, bí òfò bá dé, ó kàn án. Ṣùgbọ́n ta ni yóò yẹ ìwé ilé-iṣẹ́ náà wò? Ta ni yóò dá iye tí ìpín tó, tí yóò sì sọ òtítọ́ fún ẹni tí ń rà á? Iṣẹ́ ilé ìdókòwò nìyẹn. Àkókò náà sì wọ̀, nítorí pé òfin ọdún 1972 àti ti ọdún 1977 pàṣẹ kí àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ta ìpín fún ọmọ Nàìjíríà: nínú òfin kejì, ìpín 60 nínú 100 ni fún ẹgbẹ́ iṣẹ́ kan, 40 fún òmíràn, iṣẹ́ mìíràn sì di ti ọmọ ilẹ̀ pátápátá.

Láti ara ilé yìí ni báńkì rẹ̀, First City Merchant Bank, ti jáde. A fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní oṣù kẹrin ọdún 1982, ó sì gba ìwé àṣẹ ní oṣù kẹjọ ọdún 1983. Ìjọba kò dá owó sí i, òyìnbó kò sì ṣe alábàáṣe rẹ̀. Ìdánwò kò pẹ́ dé. Ní oṣù kìíní ọdún 1998 ni a gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì 26 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí ọdún 2005 sì parí, 25 péré ni ó kù nínú báńkì 89. Ti Balógun wà nínú àwọn tí ó dúró. Ẹ̀yin ará Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò ní gbàgbé Owena Bank, tí ìjọba ìpínlẹ̀ yín dá sílẹ̀: ó di Omega Bank, Omega sì wọnú Spring Bank nígbà ìdàpọ̀ náà. A kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín, bí kò ṣe kí a lè mọ̀ pé dídá ilé owó sílẹ̀ yàtọ̀ sí mímú un dúró.

Ẹ kíyèsí i, ará: láti ìgbà tí ó dá ilé àkọ́kọ́ sílẹ̀ títí tí báńkì fi gba ìwé àṣẹ, ọdún 6 ni. Kòkó tí a gbìn lónìí kì í so lóṣù tí ń bọ̀, kò sì sí àgbẹ̀ Oǹdó kan tí yóò gba ẹni tí ó bá wí bẹ́ẹ̀ gbọ́. Èé ṣe nígbà náà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti àwọn ará ìjọ pàápàá, fi gba àwọn MMM gbọ́ ní ọdún 2016, tí wọ́n ṣèlérí èrè 30 lórí 100 láàárín ọjọ́ 30? Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fi owó lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí ó bèèrè ohun mẹ́ta. Èkínní, ta ni ẹni yìí, kí sì ni ìṣe rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá? Èkejì, ǹjẹ́ ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ? Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ wo gan-an ni èrè náà ti ń jáde wá? Ẹni tí kò bá lè dáhùn ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe fún un ní kọ́bọ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ọ̀túnba Balógun kú ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ẹni ọdún 89. Kí ó tó lọ, ó ti kọ́ ilé-ìwòsàn àwọn ọmọdé sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì fi í lé Yunifásítì Ìbàdàn lọ́wọ́. Gbogbo wa ni a mọ òwe tálẹ́ńtì tí Olúwa wa pa. A kò bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ wọ̀nyí bí owó náà ti pọ̀ tó. Ohun tí wọ́n fi í ṣe ni a bèèrè. Ọ̀kan náà ni a ó bèèrè lọ́wọ́ akápò ìjọ, lọ́wọ́ olórí èsúsú, àti lọ́wọ́ bàbá tí owó ilé-ìwé ọmọ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Kí Ọlọ́run fún wa ní ọgbọ́n àti òtítọ́. Àmín.