Kọ̀ǹpútà Kan, Yàrá Méjì

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, kí n má sì pẹ́. N kò ní í pẹ́. (Ẹ̀yin tí a jọ jókòó lẹ́yìn kíláàsì mọ̀ pé irọ́ ni.)

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó lágbára ló wà nílé wa ní Ajégúnlẹ̀ níbí, pálọ̀ ló wà. Èmi ń fi kọ ìròyìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ń fi gbá bọ́ọ̀lù, ariwo rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí bàbá mi gbọ́ ìròyìn alẹ́. Ọmọ yìí wá ní ká ra òmíràn sí yàrá. Ká ra kí ni? Owó ilé ìwé rẹ̀ gan-an, a ò tíì san án!

Mo gbé láptọ́ọ̀pù mi àtijọ́ fún un, mo fi sọ́fítíwíà tí mo fi ń wọ kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ láti ilé sí i, pé kó máa ti yàrá gbá bọ́ọ̀lù tó wà ní pálọ̀. Ó tẹ bọ́tìnì, agbábọ́ọ̀lù dúró gbagidi. Kó tó gbẹ́sẹ̀, wọ́n ti gba bọ́ọ̀lù lọ. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀rọ yín ń sùn o."

Èmi ni mo ṣì í lò. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún. Ẹ wo VNC tí wọ́n ṣe ní Cambridge: ibi tó bá yí padà lójú ẹ̀rọ nìkan ló ń fi ránṣẹ́. Bí èèyàn bá ń tẹ lẹ́tà, ìwọ̀nba ló ń yí. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá gbéra, gbogbo pápá ló yí yẹn!

Ti eré yàtọ̀. Valve gbé ti Steam jáde ní 2014. Moonlight àti Sunshine náà wà, ọ̀fẹ́ ni. Káàdì àwòrán inú kọ̀ǹpútà ló ń sọ gbogbo ojú ẹ̀rọ di fíìmù, àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó bá sọnù lọ́nà, wọn kì í torí rẹ̀ dá ìyókù dúró. Ohùn náà ń bá a lọ sí yàrá. Kì í sì í jẹ dátà, torí inú ilé náà ló ń yí sí. Wáyà ni kí ẹ fà láti kọ̀ǹpútà dé ráútà o; Wi-Fi tó ń la ògiri búlọ́ọ̀kù kọjá kò ṣeé fọkàn tán.

Mo dán an wò fún iṣẹ́ tèmi náà: lẹ́tà kéékèèké ń ṣú, pàápàá aláwọ̀ pupa. Mo yáa padà sí ti ọ́fíìsì. A kò sì lè jọ lò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà wà. Torí náà, aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ni tirẹ̀, èyí tó kù tèmi. Bàbá mi ń gbọ́ ìròyìn wọn ní pálọ̀. A sì ti san owó ilé ìwé.