Ìtàn Ẹnu Àwọn Ológun

Bí ọmọdé kò bá ìtàn, a bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn. Nígbà tí Ogun Hítílà gbóná janjan, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn ọ̀dọ́ wa lọ kojú ìjà sí àwọn ará Japáànù ní ilẹ̀ Bọ́mà, Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, tí ó wọṣẹ́ ológun lẹ́ni ọdún 16, wà lára wọn. Ní 1944, ìbọn fọ́ egungun itan rẹ̀ ní àfonífojì Kaladan. Bí kì í bá ṣe ti Shuyiman, mùsùlùmí ará abúlé ibẹ̀, tí ó fi òun àti ọmọ ogun Sàró kan pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ibẹ̀ ni ìbá sùn sí.

Bàbá Fadoyebo fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn yìí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní 1999. Ìwé náà ni akọròyìn Barnaby Phillips tẹ̀ lé dé ọ̀dọ̀ bàbá, ó sì gbé lẹ́tà ọpẹ́ bàbá lọ fún àwọn ọmọ Shuyiman ní 2011.

Bàbá kọ ìtàn tirẹ̀ sílẹ̀; àwọn tó ja ogun abẹ́lé Nàìjíríà láti 1967 sí 1970 náà ní ìtàn tiwọn, wọ́n sì ṣì wà nínú ilé wa. Ẹ má bi wọ́n pé ènìyàn mélòó ni wọ́n pa, ìbéèrè òpònú nìyẹn. Ẹ bi wọ́n nípa oúnjẹ, ọ̀rẹ́ àti ẹ̀rù, kí ẹ gbà á sórí fóònù, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.